Ewé Méjìlélógójì

“Àjọ Ewé ni, màmá. Ìkòkò yín ló ní kí n wá.”

Ohun tó kọ́kọ́ mú ara fu mí nìyẹn. Nínú Ilé Gogoro tiwa yìí, bí ìkòkò tí a gbin igi ewé ẹni sí bá ránṣẹ́ sí Àjọ Ewé, oṣù mẹ́jọ lèèyàn fi ń retí wọn. Ìyá tó ń gbé lókè wa retí wọn títí ewé rẹ̀ fi pọ́n tán lórí igi. Ọjọ́ Ajé ni tèmi ránṣẹ́, Ọjọ́rú ni ọkùnrin yìí dé, lọ́sàn-án gangan, ìkòkò tuntun lábẹ́ apá kan, àpò iyẹ̀pẹ̀ lábẹ́ apá kejì. Àjọ wo ló ń yára báyẹn?

Mo yọjú wò ó láti ojú ihò ilẹ̀kùn. Kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ. Ó wọ aṣọ búlúù Àjọ, ó dé fìlà búlúù. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ tuntun, kò sí eruku kankan lára rẹ̀. Ní Ìbàdàn tí ọyẹ́ ti wọ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn tí kò sì jáde mọ́, ta ni bàtà rẹ̀ ń mọ́ tó báyẹn, àfi ẹni tó ń jókòó sí ọ́fíìsì tó ń kọ orúkọ àwọn ẹlòmíràn sílẹ̀?

“Kí lorúkọ ẹ?”

“Kúforíjì, mà.”

“Mi ò ránṣẹ́ pè ẹ́ o.”

“Ìkòkò ló pè mí, mà. Ó ní gbòǹgbò ti kún òun dé ẹnu.”

Àfi bíi pé ó ń gbọ́ wa ni ìkòkò náà ké láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé: “Gbòǹgbò kún mi. Mi ò ráàyè.” Ohùn obìnrin ni wọ́n fún un, ohùn ẹni tí kò jẹ ata rí láyé ẹ̀. Láti ọdún tí wọ́n ti gbé e wọ ilé ni mo ti kórìíra ohùn yẹn. Mo ṣílẹ̀kùn.

Kúforíjì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní ẹ kú ọ̀sán. Mo ní kí n bu omi fún un, ó ní rárá, ẹ ṣeun. Ta ni kì í mu omi ní ìlú yìí? Mo fi ìyẹn kún èyí tó wà nílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìkòkò, ó ka nọ́ńbà tó wà lójú gíláàsì rẹ̀.

“Ogójì. Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nínú ilé, mà?”

“Méjì. Èmi àti ọmọ mi, Ìbíyẹmí. Ó wà níbi iṣẹ́.”

Oríyọmí sín lórí ibùsùn lẹ́yìn mi. Mo rí i tí ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ò sì dùn mọ́ mi nínú.

“Àti ọmọ ọwọ́,” ni mo wí.

“Oṣù mélòó ni?”

“Oṣù márùn-ún lé díẹ̀. Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

Ó ń ka ìka rẹ̀. “Mẹ́rìnlá tiyín, mẹ́rìnlá ti ìyá rẹ̀, mẹ́rìnlá tiẹ̀. Méjìlélógójì. Ẹ ṣì ń wá ewé méjì kó tó pé oṣù mẹ́fà tí òfin máa kà á mọ́ èèyàn.”

“Mo mọ̀.”

“Bí kò bá pé lọ́jọ́ náà, ẹnì kan nínú yín máa sọ̀kalẹ̀ lọ sínú eruku.”

“Mo ní mo mọ̀! Ṣé ìyẹn náà ni ìkòkò rán ẹ?”

Ó ti kọjú sí igi. Ó ń fi ọwọ́ kan ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ewé eéran ni tiwa. Nígbà tí ìyá mi wà láyé, wọ́n ń fi ewé eéran pọ́n mọ́ínmọ́ín ni, tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán wọ́n á jù ú sí ààtàn. Ká ní ìyá mi jí lónìí tó gbọ́ pé èèyàn ń dé ilé ẹjọ́ nítorí ẹyọ ewé eéran kan, á ní ká gbé òun padà síbi tí òun ti wá.

“Ẹ wo èyí,” ó ní. Ó fi ọwọ́ hàn mí ní ìdí igi, níbi tí ọ̀mùnú méjì ti yọ, ewé tuntun tó ṣì ká bíi ẹní, ṣóńṣó wọn pupa díẹ̀. “Méjì tẹ́ ẹ̀ ń wá nìyí. Ṣùgbọ́n wọn ò ní là nínú ìkòkò yìí. Ààyè ti fún un jù. Ẹ ò rí i pé gbòǹgbò ti ń jáde nísàlẹ̀? Bí a bá pààrọ̀ ẹ̀ lónìí, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á ti là.”

“Bí a ò bá pààrọ̀ ẹ̀ ńkọ́?”

“Ewé ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.”

Ibi tí ẹsẹ̀ mi ti há nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lé mi. Nígbà tí wọ́n bí mi, ìdí ọ̀pẹ kan lẹ́yìn ilé bàbá mi ni wọ́n rì ìwọ́ mi sí. Nígbà tí mo gbọ́n, wọ́n mú mi lọ síbẹ̀, wọ́n ní, Fẹ̀hìntọlá, tìẹ nìyí. Ti Ìbíyẹmí, ìdí ọsàn ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwọ́ Oríyọmí já, àjà kọkànlélọ́gbọ̀n la wà. Ilẹ̀ wo ni mo fẹ́ rì í sí? Kí n jù ú sẹ́nu ẹ̀rọ ìdọ̀tí, kí ọmọ ọmọ mi má níbì kankan láyé tó máa pè ní tiẹ̀? Mo wé e sínú aṣọ funfun pélébé kan, mo fi òwú dì í. Òfin gbà kí a ti ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì, ká lè mọ̀ bó bá gbẹ. Bí ìka bá kọjá ibẹ̀, ìkòkò á ké. Ìka mi dé oríkèé kejì náà ni mo fi ń tì í wọlé, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, títí iyẹ̀pẹ̀ fi bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ sì ni. Ohunkóhun láti ara èèyàn kò gbọdọ̀ wọ iyẹ̀pẹ̀ Àjọ. Tí wọ́n bá bá a níbẹ̀, wọ́n á gbé ìkòkò lọ tigi tewé, gbogbo ilé á sì sọ̀kalẹ̀ lọ sínú eruku. Iyẹ̀pẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n bá dà nù kúrò nínú ìkòkò, ọ̀dọ̀ Àjọ ló ń lọ, wọ́n ní wọ́n ń fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Bí mo bá lé ọkùnrin yìí lọ, ewé á pọ́n. Bí mo bá jẹ́ kó ṣe é, á rí i. Mo wo Oríyọmí tó ń jẹ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ibùsùn. Mo ní kó máa ṣe é.

Ó mọ iṣẹ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó bu omi rin iyẹ̀pẹ̀ àtijọ́ náà, ó ní ká dúró kó mu ún dáadáa kí gbòǹgbò má baà já. Ó tú iyẹ̀pẹ̀ tiẹ̀ sórí ọ̀rá: èèpo àgbọn tí wọ́n lọ̀, èèpo ìrẹsì, èédú wẹ́wẹ́, iyẹ̀pẹ̀ dúdú. Mo bù ú, mo gbóòórùn ẹ̀. Ó ń wò mí. Mo ní ìkòkò tuntun yẹn kéré, kí ló dé tí kò mú ńlá wá? Ó ní bó bá fi ìka méjì ju ti àtijọ́ lọ, ó tó. Ó ní bí ààyè bá pọ̀ jù, omi á dúró síbi tí gbòǹgbò ò tíì dé, ìdí igi á sì rà. Àlàyé náà bọ́gbọ́n mu, ìyẹn gan-an ló tún mú kí n fura sí i.

Nígbà tó wá dojú ìkòkò délẹ̀, tó gbá ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí igi náà sì yọ́ jáde sọ́wọ́ rẹ̀, mo sún mọ́ ọn. Gbòǹgbò náà ti yí ara rẹ̀ po bí òwú. Ó ń fi ìka tú u. Ó dúró.

Ó ti rí i. Mo rí etí aṣọ funfun náà láàárín gbòǹgbò.

Kúforíjì ò wojú mi. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi bo gíláàsì ìkòkò tuntun náà. “Kí omi má baà ta sí i lójú,” ó ní. Ó wá yí padà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀. Mo bọ́ sọ́tùn-ún, apá rẹ̀ dí mi. Mo bọ́ sósì, ewé dí mi.

“Kí lò ń wá níbẹ̀?”

“Gbòǹgbò tó ti rà ni, mà. Mo ń gé e kúrò.”

“Fi hàn mí.”

Ó na gbòǹgbò dúdú kan sẹ́yìn sí mi láìyíjú. Ó rà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí lọwọ́ kejì ń ṣe? Kó tó di pé mo rí nǹkan kan, igi ti wọ inú ìkòkò tuntun, iyẹ̀pẹ̀ ti yí i ká, ó sì ti ń fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀. Ó gbá iyẹ̀pẹ̀ àtijọ́ jọ sínú àpò, ó sì lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ Àjọ.

“Ẹ má gbé e sójú oòrùn,” ó ní. “Ẹ má fún un ní ajílẹ̀ kankan fún oṣù kan. Tí ìka bá bá a ní gbígbẹ dé oríkèé kejì, ẹ bu omi sí i, omi tó ti lọ́ díẹ̀, kì í ṣe tútù. Ẹ máa fi aṣọ tútù nu ewé rẹ̀. Ó máa dorí kodò fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má bẹ̀rù. Ìkòkò ò ní sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń sùn ni, kó lè mọ igi rẹ̀.” Ó wá wojú mi fún ìgbà àkọ́kọ́. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, ẹ má tú ìdí rẹ̀ wò. Ohunkóhun tí ì báà ṣe.”

Ó gbé àpò náà, ó lọ.

Mo jókòó. Ta ni í sọ fún èèyàn pé kó má tú nǹkan wò bí kò bá ní ohun tó fi pamọ́ síbẹ̀? Ọ̀nà méjì péré ni mo rí. Ó lè jẹ́ pé ìwọ́ ọmọ mi ti wà nínú àpò yẹn, tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi asẹ́ jọ iyẹ̀pẹ̀. Tàbí kó jẹ́ pé ó fi í sílẹ̀ nínú ìkòkò fún àwọn tó ń bọ̀ wá tú u, kí wọ́n lè bá a lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n ṣe kó ìdílé Bàbá Ọmọ́táyọ̀ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lọ nìyẹn. Àwọn tó wá náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kí i kú ilé. Mo gbé ọmọ pọ̀n, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo tún pọ̀n ọ́n. Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ara mi ò gbà á mọ́. Ìkòkò ń sùn, Kúforíjì fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ti ọwọ́ mi méjèèjì bọ inú iyẹ̀pẹ̀.

N kò tíì walẹ̀ jìnnà tí mo gbọ́ ọ: pẹ́. Ìró kékeré. Ọ̀kan nínú ọ̀mùnú méjì náà ti já sí mi lọ́wọ́.

Síbẹ̀ n kò dúró. Ìyẹn ló ń dùn mí jù títí dòní, pé n kò dúró. Mo walẹ̀ títí ìka mi fi kan ìwọ́ náà nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ gbogbo gbòǹgbò. Kò fi í síbẹ̀ báṣubàṣu. Ó ti fi háhá àgbọn wé e yípo, ó sì fọ́n èédú sábẹ́ rẹ̀ kó má baà rà. Bí àwọn bàbá mi ì bá ti rì í nìyẹn, ká ní wọ́n wà níbẹ̀. Èèyàn tó fẹ́ múni kì í fara balẹ̀ tó báyẹn.

Bí Ìbíyẹmí ṣe wọlé nìyẹn, tó ń ti ibi iṣẹ́ omi ní àjà kẹta bọ̀. Ó bá mi lórí ilẹ̀, ọwọ́ mi dúdú, ọ̀mùnú lẹ́bàá orúnkún mi.

“Màmá! Kí lẹ ṣe?”

“Ọkùnrin kan wá. Mo rò pé—”

“Èmi ni mo pè é!” Ó ti ń sunkún. “Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ fún oṣù kan, nígbà tó bá ń kọjá níbi iṣẹ́ wa, mo ní kó bá wa gbé ìwọ́ ọmọ mi kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ àtijọ́ kí wọ́n tó rí i. Ó ní kí n má ṣèyọnu, òun á rì í dáadáa.”

“O mọ̀ nípa ìwọ́ náà?”

“Inú yàrá kan náà la jọ ń gbé, màmá. Ojú mi ń ríran.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Kí n sọ fún yín? Kí ẹ lè bá a jà lẹ́nu ọ̀nà? Ta lẹ fọkàn tán rí? Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ gbóòórùn oúnjẹ tí mo bá sè kí ẹ tó tọ́ ọ wò.”

Mo gbé igi náà ró. A jọ tún un gbìn, a dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ìlànà Kúforíjì tí n kò tẹ̀ lé. Mo ń gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kó lè lọ́. Mo ń fi aṣọ ìnujú Oríyọmí nu ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́. Igi náà dorí kodò fún ọjọ́ mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ó gbéra. Ó dúdú, ó ń dán, kò já ewé kan ṣoṣo sílẹ̀. Ọ̀mùnú tó kù là ní ọjọ́ kẹtàdínlógún: mọ́kànlélógójì. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, ọ̀mùnú tuntun yọ ní ìdí rẹ̀. Ìbíyẹmí gbé ọmọ sókè, ó ń jó. Èmi náà jó. A wá jókòó, a ka ọjọ́ tó kù, mẹ́jọ péré.

Ìdájí ọjọ́ tí Oríyọmí pé oṣù mẹ́fà, ọ̀mùnú náà ti ga tó ìgbọ̀nwọ́ mi. Ó ti ń tú, etí rẹ̀ ti yọ, ṣùgbọ́n kò tíì là. Bóyá ọjọ́ kan sí i. Bóyá méjì.

Iná tàn lójú ìkòkò. “Àkókò kíka ewé ti tó,” ó ní. “Ewé mọ́kànlélógójì.”

“Ọ̀kan ń là!” ni Ìbíyẹmí kígbe. “Wò ó! Ó ń là lọ́wọ́!”

“Èyí tó ká kì í ṣe ewé,” ni ìkòkò wí, ohùn ẹni tí kò jẹ ata rí. “Ewé kan kù. Ta ni yóò sọ̀kalẹ̀? Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lé mi.”

Mo ti mọ̀ pé Ìbíyẹmí á fẹ́ sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ti jókòó ti ìkòkò náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ṣì ń gbé ọmọ kúrò lẹ́nu ọmú nígbà tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi lé gíláàsì náà.

“Fẹ̀hìntọlá,” ni mo wí. “Èmi ni.”

“A gbọ́,” ó ní. Iná rẹ̀ di àwọ̀ ewé.

Ìbíyẹmí di aṣọ mi mú. Ó ń pè mí, màmá, màmá, bó ṣe ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré tí àrá bá ń sán. N kò lè sọ fún un pé kò dùn mí. Ó dùn mí. Mo gbé Oríyọmí, mo gbóòórùn orí rẹ̀, mo dá a padà fún ìyá rẹ̀. Mo ní kó má gbàgbé omi tó lọ́. Mo jáde kí ọkàn mi tó yí padà.

Lífítì ṣí. Kúforíjì ló wà nínú rẹ̀, ó gbé àpò iyẹ̀pẹ̀ dání láti ilé ẹlòmíràn. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó kí mi. Mo wọlé, ilẹ̀kùn pa dé.

“Ṣé iṣẹ́ tún kù fún ẹ nísàlẹ̀ ni?” mo bi í, kí n ṣáà lè sọ nǹkan.

“Ibẹ̀ ni mo ń gbé, mà. Èmi ò léwé.” Ó wo bàtà rẹ̀. “Wọ́n ń fún wa ní bàtà tuntun lẹ́nu lífítì ká má baà kó eruku gòkè. A ò sì gbọdọ̀ fẹnu kan ife yín.”

A kọjá àjà ogún. A kọjá mẹ́wàá. Mo ní bí n kò bá sọ ọ́ báyìí, n kò ní sọ ọ́ mọ́.

“Mo tú u,” ni mo wí. “Ìdí rẹ̀ tó o ní kí n má tú. Ọjọ́ náà gan-an ni mo tú u. Èmi ni mo já ewé ọmọ náà.”

“Mo mọ̀, mà.”

“Báwo lo ṣe mọ̀?”

“Ìkòkò kì í sùn. Tó bá di tuntun, ẹni tó gbìn ín nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà pé ẹnì kan ti tú òun.”

Títú ìdí igi Àjọ, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Ẹni tó bá sì gbọ́ tí kò sọ, ẹ̀ṣẹ̀ tiẹ̀ náà ni, wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó má sì rí lífítì wọ̀ mọ́ láyé. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

“O ò fi mí sùn,” ni mo wí. “Kí ló dé?”

Ó gbé àpò iyẹ̀pẹ̀ náà láti apá kan sí èkejì, bíi pé ìbéèrè mi ò yé e.

“Bí mo bá fi yín sùn, ọmọ náà ńkọ́, mà?”

Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ojú rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níbẹ̀, àgbàlagbà bíi tèmi. Ó fi ọwọ́ kan di èjìká mi mú títí lífítì fi dúró. Ilẹ̀kùn ṣí, eruku wọlé, a sì jọ jáde.